Ẹ̀yin oníṣòwò Okun, ẹ má gba inú igbó mọ́: bí ẹ ṣe lè ti Kàbà dé Kútọnu, Lomé àti Àkrá pẹ̀lú ìwé yín lọ́wọ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ti ìrìnàjò dé ni wọ́n máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá kan á ní báwo ni mo ṣe ń ṣe é tí wọn kì í fi í dá mi dúró, àbúrò kan á béèrè pé ṣé físà ni mo gbà, ẹlòmíì á ní òun mọ ẹnì kan tó máa ń fi ọ̀kadà gbé èèyàn gba inú igbó kọjá, pé owó ẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ inú igbó yẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ìdí tí ọmọ Okun tó ń ta òrí, tó ń ta kaṣú, tó ń hun aṣọ, á fi máa yọ́ kọjá bí ẹni tó jalè, nígbà tó jẹ́ pé òfin ti ṣílẹ̀kùn fún un tipẹ́. Ìwé ni ọ̀pọ̀ wa ò ní lọ́wọ́. Ìwé yẹn, ilé lẹ ti máa wá a kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe ẹnu bọ́dà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ̀tọ́ yẹn ti wá, torí ẹni tí kò bá mọ ẹ̀tọ́ ẹ̀, jìnnìjìnnì á máa bá a níwájú ọ̀gá imigréṣọ̀n. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 28 oṣù karùn-ún 1975. Nígbà tó di 29 oṣù karùn-ún 1979 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Dakar, pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ àwọn yòókù láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ títí di 90 ọjọ́. Ohun méjì péré ni wọ́n ní kó mú dání, ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì kọjá, àti ìwé ìlera tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́. Wọn ò ní kó jẹ́ olówó, wọn ò ní kó ní kọ́ńpìnnì.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an. Àwọn orílẹ̀-èdè APEC, ní apá Éṣíà àti Òkun Pàsífíìkì lọ́hùn-ún, àwọn náà ní ètò tiwọn, káàdì kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1997 fún àwọn oníṣòwò, ẹni tó bá ní in lè wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú yẹn láìgba físà, ìlà tiẹ̀ sì yàtọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó dáa o, ṣùgbọ́n oníṣòwò tí ìjọba ilẹ̀ ẹ̀ ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí, òun nìkan ló wà fún. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń ta òrí ní Ìyàrá àti ọ̀gá tó ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ẹ̀tọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ní tí wọ́n bá dé Sẹ̀mẹ̀, bọ́dà Nàìjíríà àti Benin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ bá dúró síbẹ̀.

Orílẹ̀-èdè 12 ló kù nínú ECOWAS báyìí, torí Mali, Burkina Faso àti Niger jáde ní 29 oṣù kìíní 2025. ECOWAS ní òun ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àwọn ará ibẹ̀, àwọn náà ní àwọn ò ní gba físà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Niamey tàbí Ouagadougou lẹ ń lọ, ẹ pe ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó mọ́tò. Kútọnu, Lomé àti Àkrá ni èmi mọ̀, ibẹ̀ ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Páspọ́ọ̀tù àti NIN

NIN lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó wà nínú NIN yín ló máa jáde nínú páspọ́ọ̀tù, ibí yìí ló sì ti máa ń há fún àwọn èèyàn wa jù. Orúkọ tiwa gùn. Ẹni tó ń jẹ́ Olorunmaiye á jẹ́ Olorunmaye nínú NIN, á jẹ́ Maiye ní báǹkì, nínú ìwé ẹ̀rí ilé ìwé ẹ̀ wọ́n á ti kọ nǹkan míì, ó dẹ̀ lè jẹ́ pé ọjọ́ ìbí méjì ló ní. Ẹ tún NIN ṣe kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan sórí páspọ́ọ̀tù, ẹ má ní ẹ máa tún un ṣe tó bá yá, torí tí ìwé náà bá ti jáde tán, ọ̀nà àtitún un ṣe gùn ju ọ̀nà àtigbà á lọ.

Orí wẹ́ẹ̀bù imigréṣọ̀n fúnra wọn ni ẹ ti máa kọ fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ náà lẹ ti máa sanwó, ẹ mú Lọ́kọ́jà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ fẹ́ lọ ya fọ́tò àti ìka ọwọ́. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ wá ọmọ tàbí àbúrò tí ẹ fọkàn tán kó bá yín ṣe é lójú yín, kì í ṣe ẹni tó kàn jókòó sábẹ́ igi lẹ́nu géètì. Láti 1 oṣù kẹsàn-án 2025, olójú ewé 32 tó ń lo ọdún 5 ti di 100,000 náírà, olójú ewé 64 tó ń lo ọdún 10 ti di 200,000. Owó ńlá ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ sí Àkrá lórí ilẹ̀, òǹtẹ̀ kan ni wọ́n máa tẹ̀ fún un tó bá ń jáde nílé, méjì ní Benin, ìwọlé àti ìjáde, méjì ní Tógò, kan tó bá wọ Gánà, mẹ́fà nìyẹn, tó bá ń bọ̀ mẹ́fà míì. Òǹtẹ̀ 12 fún lọ àti bọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń lọ lóṣooṣù, ìwé ojú ewé 32 ò ní pẹ́ kún fún un, ọjọ́ tó wà lára ẹ̀ á ṣì kù nílẹ̀. Olójú ewé 64 ni mo ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà.

Ẹni tí agbára ẹ̀ ò bá ká páspọ́ọ̀tù, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ECOWAS Travel Certificate, imigréṣọ̀n kan náà ló ń ṣe é, ọdún 2 ló ń lò, owó ẹ̀ kéré sí ti páspọ́ọ̀tù, inú àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS nìkan ni ẹ lè mú un lọ. Àwọn èèyàn wa ò béèrè ẹ̀ rárá. Ìyá tó jẹ́ pé Kútọnu nìkan ló ń dé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, kí ló fẹ́ fi ojú ewé 64 ṣe? Ẹ lọ béèrè ẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, kí ẹ pe orúkọ ẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Yẹ́lò káàdì

Èyí ni wọ́n fi máa ń gba owó lọ́wọ́ wa jù lójú ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni, èyí tí wọ́n ń pè ní yẹ́lò fífà, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń gbà á. Ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó rìn, torí lẹ́yìn ọjọ́ 10 ni ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ láti 11 oṣù keje 2016 pé abẹ́rẹ́ yẹn ti tó èèyàn títí ọjọ́ ayé ẹ̀, káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún 10 sí náà wà nínú ẹ̀. Nítorí náà tí ẹnì kan bá wo káàdì yín tó ní ó ti kú, ẹ má bínú, ẹ má pariwo, ẹ kàn sọ fún un jẹ́jẹ́ pé títí ayé ni. Ó mọ̀. Tó bá ti rí i pé ẹ̀yin náà mọ̀, á fún yín padà.

Ẹ má ra káàdì ní gáréèjì o. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yẹ káàdì tuntun wò báyìí, ayédèrú á hàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àìsàn yẹn ń pa èèyàn, ara yín ni abẹ́rẹ́ náà wà fún kó tó kan ọ̀rọ̀ bọ́dà.

Ọjà tí ẹ fẹ́ kó lọ

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àdéhùn míì wà nínú ECOWAS tó jẹ́ ti ọjà, ETLS ni wọ́n ń pè é, 1979 náà ló bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé èso ilẹ̀, nǹkan ọ̀sìn àti nǹkan tí a fi ọwọ́ ṣe, tó bá ti jẹ́ pé inú ECOWAS ló ti wá, kò gbọdọ̀ san owó orí ọjà ní bọ́dà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá fún un. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ fún wa: iṣu, kaṣú, ẹ̀pà, kọfí Ìyámoyè, aṣọ òfì tí àwọn ìyá wa ń hun ní Búnú. Ọmọ Búnú tó bá hun aṣọ tó fẹ́ tà á ní Lomé, nǹkan tí a fi ọwọ́ ṣe ni, ọ̀fẹ́ ló yẹ kó kọjá. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí àwọn èèyàn ń san owó lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ torí wọn ò lè sọ ohun tó jẹ́.

Nǹkan tó bá ti gba inú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kọjá, ìyẹn yàtọ̀, láti 1990 ló ti wọ inú ètò náà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ETLS, òun àti ọjà ọ̀hún gan-an, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó tó ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́: kí ohun èlò tí ẹ fi ṣe é jẹ́ ti agbègbè wa dé 60 nínú 100, tàbí kí iṣẹ́ tí ẹ ṣe sí i ti fi ó kéré tán 30 nínú 100 kún iye tó tó. Gààrí inú àpò aláràbarà, òrí inú ike tó ní lébẹ́ẹ̀lì, ọjà ilé iṣẹ́ ni wọ́n máa kà á sí, ẹ má gbé e dé bọ́dà kí ẹ máa sọ pé èso ilẹ̀ ni.

Owó orí ọjà tí ẹ ò san kò ní kí ẹ má ní ìwé o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da èyí pọ̀. Èso ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò àti àrùn ò sí lára ẹ̀, NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irúgbìn àti nǹkan ọ̀sìn wò, ló ń fúnni. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa kó ọjà jáde bí iṣẹ́, ó yẹ kó forúkọ sílẹ̀ ní NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkó ọjà jáde, kó sì gba báǹkì ẹ̀ ṣe NXP, fọ́ọ̀mù ọjà tó ń jáde nílùú. Èèyàn kan ṣoṣo tó ní àpò 10, iṣẹ́ yẹn á wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ìyá ọjà Kàbà pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ gba gbogbo ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹrù èèyàn mẹ́wàá wọ inú lọ́rì kan pẹ̀lú ìwé kan. Èésú tí a ń dá, tí a ń ko fún ara wa, ṣebí ìfọkàntán náà ni, ìwé ló kàn kù ká fi kún un.

Àwọn kan wà tí ìjọba Nàìjíríà ò fẹ́ kí ẹ kó jáde rárá. Àgbàdo wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé a ń gbìn ín gan-an lọ́dọ̀ wa, ó sì ń tà ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ó wà nínú àwọn ọjà tí aṣọ́bodè máa gbà lọ́wọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni pákó, tútù tàbí èyí tí wọ́n ti là, awọ ẹran tí wọn ò tíì ṣe, irin àlòkù, àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, ẹ ṣọ́ra fún un: aṣọ tuntun tí ẹ hun lọ́dún yìí kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n ère tàbí aṣọ ìpò tí bàbá ńlá yín fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó sílé. Ní ti òrí, ní oṣù kẹjọ 2025 ìjọba fi oṣù 6 fòfin de kíkó èso ẹ̀ tí wọn ò tíì fún jáde, nítorí náà kí ẹ tó ra èso jọ, ẹ lọ béèrè ibi tí òfin yẹn dé. Òrí tí àwọn ìyá wa ti fún tán kò sí nínú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ mọ́tò tiyín lẹ fẹ́ gbé

Ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà yín parí ní bọ́dà. Brown Card, ìnṣọ́ránsì mọ́tò ti ECOWAS, ni ẹ máa gbà, 1982 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Kútọnu, kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì ló ń ta á. Tí ẹ bá fi mọ́tò yín kọlu ẹnì kan ní Tógò, káàdì yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ẹ kọlù máa rí owó ìtọ́jú gbà, tí ẹ ò bá ní in, ẹ̀yin àti mọ́tò lẹ máa sùn síbẹ̀. Ẹ mú ìwé mọ́tò, láísẹ́ǹsì dẹ́rẹ́bà, tí mọ́tò náà ò bá sì jẹ́ tiyín kí ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ olówó ẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè Benin, ẹ máa gba ìwé tí wọ́n ń pè ní laissez-passer fún mọ́tò, ọjọ́ wà lára ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Èmi ò gbé mọ́tò lọ mọ́. Bọ́ọ̀sì ló rọ̀ mí lọ́rùn.

Ọjọ́ ìrìn

Àwa tí a wà ní Kàbà àti Ìjùmú, Òmùò, Ìkàrẹ́, Ọ̀wọ̀ là ń gbà dé Èkó, àwọn ará Yàgbà á gba Ẹ̀gbẹ̀, Òmù-Àrán, Ìlọrin. Ẹ bá mi fojú inú wo bí ọ̀nà wọ̀nyí ṣe rí báyìí. A ti sin èèyàn, a ti dá owó jọ fún ajínigbé, kò sí ilé kan lọ́dọ̀ wa tí ọ̀rọ̀ yẹn ò kàn. Nítorí náà ẹ jáde nílé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà tó gba ibẹ̀ lánàá, ẹ sùn ní Èkó, kí ẹ fi àárọ̀ ọjọ́ kejì kọjú sí Sẹ̀mẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ láti Kàbà kí ẹ lè fi dín ọjọ́ kan kù.

Ní Sẹ̀mẹ̀, láti 23 oṣù kẹwàá 2018 ni wọ́n ti ṣí ilé ńlá kan tí Nàìjíríà àti Benin jọ ń lò, kéèyàn lè ṣe ti ìlú méjèèjì lójú kan. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn wọ ibẹ̀. Ẹ mú páspọ́ọ̀tù yín fúnra yín. Ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde lọ́dọ̀ Nàìjíríà, ẹ gba òǹtẹ̀ ìwọlé lọ́dọ̀ Benin, kí ẹ ṣí ìwé náà níwájú ọ̀gá yẹn kí ẹ wo ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ kí ẹ tó kúrò lójú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ìrìn mi àkọ́kọ́, mi ò ní yẹ́lò káàdì, ẹ̀rù ń bà mí, ọmọkùnrin kan ní bọ́dà kan ní òun á bá mi ṣe gbogbo ẹ̀, ó gba páspọ́ọ̀tù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n gun ọ̀kadà, wọ́n gbé mi gba ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn, a gba inú iyanrìn, a gba inú àgbọn, nígbà tí mo máa fi mọ̀ mo ti wà lódì kejì. Ó fún mi ní páspọ́ọ̀tù mi padà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò ṣí i wò. Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ń bọ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà pẹ̀lú ẹrù, ọ̀gá kan ṣí i, kò sí òǹtẹ̀ ìwọlé kankan níbẹ̀. Ó ní, màdáàmù, báwo lẹ ṣe wọ ìlú yìí? Mi ò rí nǹkan kan sọ. Láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo jókòó lórí ẹrù mi nínú oòrùn, nígbà tí wọ́n fi máa jẹ́ kí n lọ, gbogbo èrè ọjà yẹn ti bá a lọ, mo tún jẹ gbèsè owó mọ́tò wálé. Ẹni tó gba inú igbó kọjá ti sọ ẹ̀tọ́ ẹ̀ nù síbẹ̀, kò tún lẹ́nu láti bá ẹnikẹ́ni jà.

Àtìgbà yẹn ni mi ò ti fi páspọ́ọ̀tù mi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àyàfi ẹni tó wọ aṣọ ìjọba tó sì jókòó sẹ́yìn tábìlì. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì míì á ní kí gbogbo èrò kó páspọ́ọ̀tù fún òun pẹ̀lú owó, pé òun á lọ bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé ẹ máa sọ̀kalẹ̀. Èrò á máa kùn pé ẹ ń fi àkókò àwọn ṣòfò, ẹ fara dà á. Tí ẹnì kan bá béèrè owó, ẹ ní kó jọ̀ọ́ kó já rìsíìtì. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni cachet, òǹtẹ̀ nìyẹn, àti reçu, rìsíìtì nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn bonjour kí ẹ tó sọ ohunkóhun, wọ́n ka ìkíni sí bí àwa náà ṣe kà á sí, ẹni tó bá kàn na ìwé sí wọn láìkí wọn, wọ́n á jẹ́ kó dúró. Tí Faransé bá tán lẹ́nu yín, ẹ sọ Yorùbá, èèyàn wa wà ní Àjàṣẹ́, Sákété, Pọ́bẹ̀ àti Kétu, ẹ ò ní pẹ́ rí ẹni tó máa dá yín lóhùn.

Bákan náà lẹ máa ṣe ní Hilacondji tí ẹ bá ń kúrò ní Benin bọ́ sí Tógò, àti ní Aflao tí ẹ bá fẹ́ wọ Gánà. Lomé fẹ̀yìn ti bọ́dà Gánà gan-an, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti inú ìlú débẹ̀, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí àwọn kan rò pé kò gba òǹtẹ̀. Ó gbà á.

Owó

Sefa kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin, Tógò àti Ivory Coast, ẹ ò ní pààrọ̀ owó láàárín wọn. Wọ́n so ó mọ́ yúrò, 655.957 sefa ni yúrò 1, kì í yí padà, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín, ẹ wo iye tí yúrò jẹ́ sí náírà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin náà á mọ iye tó yẹ kí onípààrọ̀ pè fún yín, kò ní lè rẹ́ yín jẹ púpọ̀. Gánà ń ná sídì, ìyẹn ń lọ sókè sódò. Tí oníbàárà yín ní Àkrá bá ní báǹkì tó wà lórí PAPSS, ètò tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2022, ẹ lè san náírà níbí kí òun gba sídì lọ́hùn-ún, ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín bóyá wọ́n ń ṣe é. Owó tí ẹ bá mú dání tó bá ju 10,000 dọ́là lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún aṣọ́bodè kí ẹ tó jáde, tí wọ́n bá rí i lára yín láìsọ, ó ti di ẹjọ́.

90 ọjọ́, àti ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Gánà

Wíwọ ìlú kò túmọ̀ sí pé ẹ lè ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Òfin Gánà ti 2013 tó jẹ́ ti ìdókòwò fi títa ọjà wẹ́wẹ́ nínú ọjà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀, ó sì ní àlejò tó bá fẹ́ ṣòwò rírà àti títà gbọ́dọ̀ mú mílíọ̀nù 1 dọ́là wá, kó gba ọmọ Gánà 20 síṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa pa nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n kàn kórìíra wa. Ẹ tà á lápapọ̀ fún ọmọ Gánà tó ní ṣọ́ọ̀bù, kí òun máa tà á ní wẹ́wẹ́.

90 ọjọ́ yẹn náà, ẹ kà á. Tí ẹ bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì imigréṣọ̀n ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn àgbà wa tó gbé Gánà rántí oṣù kọkànlá 1969, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ẹni tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, àwọn tó ti bímọ síbẹ̀, tó ti kọ́lé síbẹ̀, di ẹrù lójú kan náà. Ní 1983 àwa náà ṣe é fún àwọn ará Gánà níbí. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu ìyá mi àgbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ohun tó máa ń sọ gbẹ̀yìn ni pé àwọn tó ní ìwé ò sá.

Tí ẹ bá ń bọ̀ wálé

Ọjà tí ẹ rà ní Lomé kì í ṣe ọjà Lomé dandan. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa aláṣọ. Ankara tí wọ́n ṣe ní Tema, ní Gánà, tàbí ní Abidjan, ọmọ ECOWAS ni, ìwé ẹ̀rí ETLS lè tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ankara Vlisco, Họ́láńdì ni wọ́n ti ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lomé lẹ ti rà á, owó orí ọjà wà lórí ẹ̀ ní bọ́dà wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín ibi tí wọ́n ti ṣe é, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ ṣírò owó aṣọ́bodè mọ́ iye tí ẹ rà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èrè. Aṣọ òkìrìkà, adìyẹ inú yìnyín, ìrẹsì gba orí ilẹ̀, mọ́tò gba orí ilẹ̀, àwọn wọ̀nyí ò ní wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín di i mọ́ ẹrù yín, ẹrù tó bá wà lórúkọ yín, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú.

Tí ẹ bá dé Èkó, ẹ sùn. Láàárọ̀ kí ẹ tó wọ mọ́tò Kàbà, ẹ jókòó, ẹ ṣí páspọ́ọ̀tù yín, ẹ ka òǹtẹ̀ yẹn níkọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ Àkrá lẹ lọ, 12 ni. Tó bá jẹ́ Lomé, 8. Tó bá jẹ́ Kútọnu, 4. Tí ọ̀kan bá dín, bọ́dà ò tíì jìnnà sí yín jù, ẹ padà lọ béèrè ẹ̀.